Fáíbà Kì í Rà, Ṣùgbọ́n Igi Inú Rẹ̀ Ń Rà

Olóòtú ìwé wa ló ní kí n kọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ tí a ṣe sí ọkọ̀ ojú omi ìdílé wa. Láti ìgbà tí ọkọ̀ náà ti padà sójú omi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan kì í wá bi mí pé, "Báwo lẹ ṣe ṣe é?" Ẹnu mi nìkan kò lè dá gbogbo wọn lóhùn, nítorí náà ni mo ṣe gbé e sínú ìwé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ọkọ̀ fáíbà kì í rà, kì í dípẹtà, kò sì fẹ́ ìtọ́jú bíi ti ọkọ̀ onígi. Òtítọ́ ni pé fáíbà fúnra rẹ̀ kì í rà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ fáíbà àtijọ́ ni igi wà nínú wọn, kò sì sí èyí tí irin kò sí lára rẹ̀. Omi tó wọ inú wọn tí kò rí ọ̀nà jáde ni ọ̀tá wa. Ẹni tó bá kun ọ̀dà lé irú omi bẹ́ẹ̀ lórí kò tún ọkọ̀ ṣe, ó kàn ti olè mọ́ inú ilé ni.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wa mọ̀ pé ọmọ Ìlàjẹ ni wá, láti etí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bàbá wa ló kó wa wá sí odò Benin yìí, ọkọ̀ onígi ló sì lò títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa ń fà á sórí ilẹ̀ gbígbẹ, a ó dojú rẹ̀ délẹ̀, a ó fi imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ jó ìdí rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kí kòkòrò tó ń jẹ igi lè kú, a ó sì fi ọ̀dà dúdú dí ibi tí pákó ti pàdé pákó. Lára ọkọ̀ onígi, ohun gbogbo hàn sí gbangba. Bí ibì kan bá rà, ojú á rí i, ìka á sì wọ̀ ọ́. Ti fáíbà kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ rẹ̀ lè máa dán bí àwo tuntun nígbà tí inú rẹ̀ ti di ẹrẹ̀.

Irú èyí gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin rà ní àlòkù. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 22, ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 40 ló sì wà nídìí rẹ̀. Ó ń fi kó àwọn ìyá oníṣòwò láti Sapele lọ sí Koko àti àwọn abúlé ìsàlẹ̀ odò. Ẹni tó tà á fún un ti tẹ́ pákó tuntun sí ilẹ̀ rẹ̀, ó ti kùn ún ní ọ̀dà búlúù, ó sì ń dán yanranyanran. Kò sọ ohun tó wà lábẹ́ pákó náà fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi papò dà, ọkọ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin tó fi sílẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń jẹun, òun ni wọ́n sì fi ń san owó ilé-ìwé.

Àkọ́bí ẹ̀gbọ́n mi ló ń wa ọkọ̀ náà. Òun ló kọ́kọ́ wá bá mi pé, "Bàbá, ọkọ̀ yìí ti wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, epo tó ń jẹ sì ti pọ̀ sí i. Bí mo bá fún un níná, ẹ́ńjìnnì a máa mì bí eyín tó fẹ́ yọ." Mo lọ wò ó. Mo rí i pé fáíbà ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láyìíká ibi tí a de ẹ́ńjìnnì mọ́. Káfíńtà kan tí a pè ní kí a tẹ́ pákó mìíràn lé ti àkọ́kọ́, kí a fi fáíbà tín-ín-rín bò ó, kí a sì kùn ún. Ọjọ́ mẹ́ta ló ní iṣẹ́ náà yóò gbà.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kó ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ti tà á fún wa ni kí á tà á fún ẹlòmíràn. Ẹ kùn ún, kí á gba owó wa, kí á fi ra kékeré." Èmi kò bá a wí, nítorí ẹni tó ru ẹrù ló mọ bí ó ti wúwo tó. Mo kàn bi í pé, "Ìyá àwọn ọmọ, bí ìdí ọkọ̀ bá já láàrin odò lọ́wọ́ ẹni tó bá rà á, tí ẹ́ńjìnnì rì, tí omi ń wọlé, ta ni yóò wà nínú rẹ̀?" Ó dákẹ́. Ó mọ̀ pé àwọn ìyá tó ń bá a ra gààrí tí wọ́n ń tà á ní ẹja ni, àti àwọn ọmọ wọn. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó dára, ẹ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó kọjá ọjà Kérésì o. Ọjà Kérésì ló ń gbé ọdún wa ró." Ìparí oṣù kẹwàá ni à ń sọ̀rọ̀ yìí.

Kí n tó sọ bí a ti ṣe é, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọkọ̀ náà ti rí nínú. Ohun tí à ń pè ní fáíbà jẹ́ òwú gíláàsì tí a fi oje líle kan tí à ń pè ní résìn mu pọ̀. Ó le, kò sì wúwo, ṣùgbọ́n bí ó bá tín-ín-rín, ó máa ń tẹ̀. Nítorí náà ni àwọn tó ń kan ọkọ̀ ṣe ń fi igi sí àárín awọ fáíbà méjì níbi tí agbára gbọ́dọ̀ wà. Igi wà ní ìdí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì so mọ́, èyí tí n ó máa pè ní pákó ìdí. Igi gbọọrọgbọọrọ tún wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, àwọn ló gbé ilẹ̀ náà dúró. Bí fáíbà bá bo igi yìí pátápátá, tí omi kò kàn án, yóò pẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá dá ihò kan ṣoṣo lu láti de àga tàbí láti so okùn mọ́, tí kò sì dí i dáadáa, omi ti rí ẹnu ọ̀nà nìyẹn.

Ohun tó ń sọ igi di ẹrẹ̀ kì í ṣe omi fúnra rẹ̀. Olú ni, ìbátan olú tí à ń sè jẹ, ṣùgbọ́n ojú kì í tètè rí irú èyí. Ohun mẹ́ta ló ń fẹ́: igi láti jẹ, afẹ́fẹ́ láti mí, àti ọ̀rinrin. Bí omi inú igi kò bá tó ìdá 20 nínú 100 ìwúwo igi náà nígbà tó gbẹ, olú kò lè rí i jẹ. Nínú ohun mẹ́ta wọ̀nyí, ọ̀rinrin nìkan ni apá wa ká.

Ẹ tún kíyè sí èyí, nítorí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: fún igi, omi òjò burú ju omi òkun lọ. Iyọ̀ a máa dá olú lọ́wọ́ kọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń mú kí ẹja wa pẹ́ kó tó bàjẹ́. Nítorí náà, ọkọ̀ tí a gbé sílẹ̀ lẹ́yìn ilé láìbò, tí òjò ọdún méjì rọ̀ sínú rẹ̀, lè rà ju èyí tó ń lọ sí òkun lójoojúmọ́ lọ. Fún irin, ọ̀rọ̀ náà yí padà, omi iyọ̀ ló burú jù. Odò tiwa yìí sì jẹ́ méjèèjì. Ní Sapele omi dídùn ni, bí a bá sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹnu òkun, iyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dàpọ̀ mọ́ ọn. Ọkọ̀ wa ń jẹ ìyà méjèèjì pọ̀.

Bí a ti ṣe yẹ̀ ẹ́ wò kò ná wa ní kọ́bọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, mo fi èèkù tọ́ǹvíìsì lu gbogbo ara ọkọ̀ náà, ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí ara wọn. Níbi tí inú ti le, ìró rẹ̀ a máa dún ko, ko, bí ìgbà tí a kan ilẹ̀kùn ìrókò. Níbi tí igi ti rà tàbí tí awọ ti ya kúrò lára igi, ó ń dún bọ̀, bọ̀, bí ìgbà tí a lu páálí tútù. Mo fi ẹfun fa ìlà yí gbogbo ibi tó dún bẹ́ẹ̀ ká. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ní kí ọmọ náà di ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì mú nísàlẹ̀, kí ó máa gbé e sókè sódò, èmi sì tẹ ojú mọ́ pákó ìdí. Pákó ìdí tó le kì í mì rárá. Tiwa ń mì, omi sì ń yọ lójú sísán rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, láti inú ọkọ̀, mo fi dírílì kékeré lu ihò díẹ̀ tí kò la ìta já. Igi tó yè máa ń jáde ní gbígbẹ, àwọ̀ rẹ̀ á sì mọ́. Èyí tó jáde nínú tiwa dúdú bí ìdọ̀tí gọ́tà, nínú ihò kan sì ni omi ti ń ṣàn jáde fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ọkọ̀ náà ṣe di wíwúwo nìyẹn. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan, fóòmù tí wọ́n dà sábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ sì ti mumi yó.

A gbé ọkọ̀ náà sábẹ́ àtíbàbà onípáánù. A to ìtí igi sábẹ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, kí ó lè jókòó déédéé. Ẹ má fojú kékeré wo èyí. Bí a bá gé igi inú ọkọ̀ nígbà tí ìdí rẹ̀ kò tẹ́ déédéé, ọkọ̀ náà yóò wọ́, bí a bá sì tún un kọ́, ní wíwọ́ ni yóò wà títí láé. Nítorí ìdí kan náà, a kò yọ igi abẹ́ ilẹ̀ ti ọ̀tún àti ti òsì lẹ́ẹ̀kan náà. A parí ẹ̀gbẹ́ kan kí a tó bọ́ sí èkejì. Inú ni a ti gé e, a fi awọ ìta sílẹ̀ bí ó ti wà. A sì gé e títí a fi kan igi tó yè, lẹ́yìn náà a tún lọ síwájú ní ìwọ̀n ìnṣì 6, nítorí olú a máa rìn ṣáájú ibi tí ojú ti rí i.

Lẹ́yìn èyí ni ìṣòro dé. Ó yẹ kí ohun tó kù nínú ọkọ̀ náà gbẹ. Bí a bá fi résìn bo ọ̀rinrin, résìn kò ní mú dáadáa, a ó sì tún ti olú mọ́lé pẹ̀lú oúnjẹ rẹ̀. Bí a ṣe mọ̀ bóyá ó ti gbẹ nìyí: ní ìrọ̀lẹ́, a ó fi téèpù lẹ ọ̀rá funfun mọ́ ojú ibi náà, a ó dí etí rẹ̀ yíká. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí ìrì bá wà lábẹ́ ọ̀rá náà, kò tíì gbẹ. Gbogbo oṣù kọkànlá, ìrì ni a ń bá níbẹ̀. Oṣù kejìlá wọlé, ìrì ṣì wà. Àwọn ìyá oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi ní alẹ́ ọjọ́ kan, kò jókòó. Ó ní, "Ọkọ mi, ṣé ẹ̀yin ni ẹ ó bọ́ wa ní Kérésì?" Káfíńtà àkọ́kọ́ sì ti lọ sọ fún un pé bí òun ni a gbé e fún, ọkọ̀ ì bá ti padà sójú omi.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rinrin padà. A pe àwọn àgbà ilé jọ. Mo gbé ègé igi dúdú kan tí a yọ nínú pákó ìdí síwájú wọn, mo fi ọwọ́ kan ṣoṣo rún un bí ẹni ń rún búrẹ́dì. Mo ní, "Èyí ni ẹ́ńjìnnì gbára lé láti ọdún yìí wá." Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́ta mọ́. Wọ́n dá a pé kí a gba owó àjọ mi síwájú fún obìnrin náà, kí èmi sì bọ́ sí ẹ̀yìn nínú ètò. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe. Ọjà Kérésì kọjá láìsí ọkọ̀ wa níbẹ̀. Ọyẹ́ fẹ́ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀rá náà gbẹ fúrúfúrú.

Ìgbà náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ìlú tó fún igi sàpẹ́lẹ́ lórúkọ kò ní ṣaláìní pákó, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo pláìwúùdù ló yẹ fún omi. Gọ́ọ̀mù tó wà láàrin awẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ gé ègé kékeré, kí ẹ sè é nínú ìkòkò fún wákàtí mélòó kan. Èyí tó bá ṣí bí ojú ìwé, kọ́bọ́ọ̀dù ló wà fún. A mú èyí tó dúró, a fi méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin ìnṣì lẹ ara wọn, ó di ìnṣì kan àtààbọ̀. A fi ẹ̀pọ́sì kun gbogbo ojú rẹ̀ àti etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó gbé e wọlé. Etí igi ló ń mumi jù, nítorí náà etí ni kí ẹ kùn jù.

Oríṣi oje méjì ló wà lọ́jà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pò wọ́n pọ̀ lórí. Polyester ni a fi kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí láti ìbẹ̀rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì wọ́n púpọ̀. Ẹ̀pọ́sì wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ń di igi mú ju polyester lọ. Ẹ̀pọ́sì máa ń mú lórí polyester àtijọ́ tí a ti fi sáńpépà ha mọ́. Polyester kì í mú dáadáa lórí ẹ̀pọ́sì. Nítorí náà, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀pọ́sì, ẹ̀pọ́sì ni kó fi parí rẹ̀, aṣọ fáíbà híhun ni kó sì lò. Èyí tó rí bí òwú fífọ́nká, oje polyester ló máa ń yọ́ gọ́ọ̀mù tó so ó pọ̀. A fi ẹ̀pọ́sì kíki dí gbogbo igun kó lè rí bìrìkìtì, nítorí aṣọ fáíbà kì í jókòó sínú igun mímú, àlàfo ló máa ń fi sílẹ̀. Aṣọ kọ̀ọ̀kan tí a tẹ́ sì fẹ̀ ju èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Polyester ní catalyst, ó sì ní accelerator. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀ lójú kan náà láé, wọ́n lè bú gbàmù. Inú résìn ni a kọ́kọ́ ń po accelerator mọ́ pátápátá kí catalyst tó wọ̀ ọ́. Nínú résìn gíráàmù 1000, catalyst kì í ju gíráàmù 10 sí 20 lọ. Bí a bá dà á jù, oje náà á gbóná, á sì sán. Bí catalyst bá ta sí ojú, ó lè fọ́ ọ, nítorí náà ẹ wọ awò. Ní ti ẹ̀pọ́sì, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára agolo ni kí ẹ lò gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá fi kún ún kó lè yára gan, rírọ̀ ni yóò rọ̀ sílẹ̀. Ẹ bo imú nígbà tí ẹ bá ń gé fáíbà, eruku gíláàsì kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Nísinsin yìí, ihò. Ihò kéékèèké ló ba ọkọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́, a kò sì fẹ́ kí wọ́n tún ba ti ìsinsin yìí jẹ́. Níbikíbi tí bóòtù yóò gbà wọ inú igi, a lu ihò tó fẹ̀ jù ú lọ, a fi ẹ̀pọ́sì kíki dí i pátápátá, nígbà tó gan tán a tún lu ihò tó wọ̀n bóòtù gan-an sí àárín ẹ̀pọ́sì náà. Lọ́nà yìí, bí omi tilẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ bóòtù wọlé, ẹ̀pọ́sì ni yóò bá, kò ní kan igi. A sì gbẹ́ ojú ọ̀nà sí ìsàlẹ̀ àwọn igi abẹ́ ilẹ̀, a fi ẹ̀pọ́sì kun inú rẹ̀, kí omi kankan tó bá wọ ikùn ọkọ̀ lè ṣàn lọ sẹ́yìn, kí ó sì jáde.

Nígbà tí a yí ọkọ̀ náà dé, a rí ìléròrò lábẹ́ rẹ̀, bí ti ara tí omi gbígbóná jó. Ọkọ̀ tó bá pẹ́ nínú omi láìgòkè máa ń ní in. Omi á rọra wọ inú awọ fáíbà, á dàpọ̀ mọ́ oje tí kò gan tán, á sì di omi kíkan. Bí ẹ bá lu ìléròrò náà, òórùn rẹ̀ á ta yín nímú bí ọtí kíkan. A la gbogbo wọn, a fi omi mímọ́ fọ̀ wọ́n léraléra, a jẹ́ kí wọ́n gbẹ, a sì fi ẹ̀pọ́sì dí wọn.

Ó ku irin. Nígbà tí a yọ bóòtù ẹ́ńjìnnì, ohun tí a rí bà wá lẹ́rù ju igi lọ. Orí wọn ń dán bí fàdákà, ṣùgbọ́n ara wọn tó wà nínú igi tútù ti jẹ di tín-ín-rín. Irin tí wọ́n ní kì í dípẹtà gbára lé afẹ́fẹ́ láti dáàbò bo ara rẹ̀. Bí a bá há a mọ́ inú ọ̀rinrin níbi tí afẹ́fẹ́ tuntun kò dé, ó ń jẹ níkọ̀kọ̀. Nítorí náà a ra tuntun tí wọ́n kọ 316 sí, nítorí ó ń fara da iyọ̀ ju 304 lọ, a sì fi gọ́ọ̀mù ojú omi yí orí rẹ̀ ká. Ẹ yẹra fún sukúrúù onídẹ lásán nínú omi iyọ̀. Iyọ̀ a máa fa sínkì inú rẹ̀ jáde, yóò sì ku bàbà rírún tí kò lágbára.

Bí irin oríṣi méjì bá fara kan ara wọn nínú omi iyọ̀, ọ̀kan yóò máa jẹ nítorí èkejì. Alumíníọ́mù ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ló sábà máa ń jìyà náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣe ń de ègé irin kan mọ́ ọn tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sínkì. Òun ló ń kú dípò ẹ́ńjìnnì. Nínú omi iyọ̀, sínkì dára. Nínú omi dídùn, awọ kan máa ń bò ó, kì í sì í ṣiṣẹ́ mọ́. Magnẹ́síọ́mù ló dára níbẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ á jẹ ẹ́ tán kíákíá. Fún odò bíi tiwa tó ní méjèèjì, èyí tí wọ́n fi alumíníọ́mù ṣe ló bá a mu. Ẹ má ṣe kun ọ̀dà lé e lórí láé, ẹ jẹ́ kí ó fara kan irin mímọ́, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá jẹ dé ìdajì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, ọ̀dà tó ní bàbà nínú, èyí tí a fi ń lé kòkòrò àti èéhù kúrò nídìí ọkọ̀, kò gbọ́dọ̀ kan alumíníọ́mù ẹ́ńjìnnì.

Wáyà bàbà tí wọ́n fi tánńganran bò ni a lò, nítorí bàbà lásán máa ń dúdú, ó sì máa ń rún nínú atẹ́gùn iyọ̀. A gbé gbogbo oríkèé wáyà sókè ju ibi tí omi lè dé. Iná bátìrì tó bá ń jò sínú omi ń jẹ irin kíákíá ju iyọ̀ lọ, nítorí náà a fi ohun ìpaná sí i, ọmọ náà a sì máa pa á bí ó bá ti so ọkọ̀.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́ kò ṣòro. Bí ọkọ̀ bá ti ìsàlẹ̀ odò dé, omi mímọ́ ni kí ẹ fi ṣan ẹ́ńjìnnì náà lóde àti nínú. Bí ọkọ̀ bá wà lórí ilẹ̀, ẹ gbé iwájú rẹ̀ sókè, kí ẹ yọ èdídí ìdí rẹ̀ kí òjò lè ṣàn jáde. Ẹ fi tapólì bò ó, ṣùgbọ́n ẹ fi igi gbé tapólì náà sókè kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, nítorí ọkọ̀ tí a dì pinpin á máa làágùn. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ mú èèkù tọ́ǹvíìsì, kí ẹ lù ú.

Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù, kó má wo ọ̀dà. Kó lu ú, kó mi ẹ́ńjìnnì, kó sì béèrè ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Bí ẹni tó ń tà kò bá gbà kí ẹ lu ihò kékeré kan, ẹ di owó yín mú. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń tà, ẹ sọ òtítọ́. Ará kan náà ni gbogbo wa lójú omi yìí, a kò sì mọ ọmọ ta ni yóò wọ ọkọ̀ náà lọ́la.

Ọkọ̀ wa padà sójú omi ní ìparí oṣù kejì, ó sì ti fẹ́ pé ọdún kan báyìí. Ẹ́ńjìnnì náà kò mì mọ́, epo tó ń jẹ sì ti dínkù. Àwọn ìyá oníṣòwò ti padà, kì í ṣe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọ́n tó láti kún un ní ọjọ́ ọjà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti san owó àjọ náà padà tán ní oṣù kẹjọ. Kò tíì sọ pé mo jàre ọ̀rọ̀ Kérésì yẹn, èmi náà kò sì bi í. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń rán ọmọ rẹ̀ létí ní ìparí oṣù pé kó lu ọkọ̀ náà wò. Ìròyìn ayọ̀ tó kù ni pé ọmọ náà ti rí ìyàwó. Ẹ ó rí ọjọ́ ìdána wọn ní ojú ewé ìròyìn ìdílé, gbogbo ẹgbẹ́ ni a sì pè.

Ẹni tó bá ní ọkọ̀ tó ń kọ ọ́ lóminú, kó wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́. A ó jọ lọ wò ó. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ wa lójú omi àti lórí ilẹ̀. Ó dìgbà kan ná.